Ṣọ́jà Tí A Kò Tíì Ya Ojú Sí

"Ẹsẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ kùn," ni bàbá àgbà wí, ó sì rọra ti búrọ́ọ̀ṣì tí mo ti gbé dé fìlà ṣọ́jà amọ̀ kékeré náà padà sí ìsàlẹ̀. Nínú ìdérí agolo mílíìkì ló ti po ọ̀dà dúdú mọ́ pupa, igi ìgbálẹ̀ ló fi ń rò ó. Òórùn kẹrosíìnì tí a fi ń fọ búrọ́ọ̀ṣì ti dà mọ́ òórùn dòdò tí màmá mi ń dín nínú ilé. Lẹ́bàá géètì, bàbá mi ń fọ mọ́tò, rédíò mọ́tò náà ń dá sọ̀rọ̀. Àárọ̀ Sátidé ni, ní ilé wa ní Kubwa, kò sì sẹ́ni tó ń kánjú.

Bàbá tó bí màmá mi ni bàbá àgbà yìí. Láti Kogi ló ti wá gbé lọ́dọ̀ wa lẹ́yìn tí ìyá àgbà kú. Amọ̀ ni wọ́n fi ṣe àwọn ṣọ́jà náà, wọn ò sì ga ju ìka àárín mi lọ. Obìnrin kan tó ń mọ ìkòkò ní Kwali ló ń bá a mọ wọ́n, tó ń sun wọ́n pọ̀ mọ́ ìkòkò tirẹ̀. Bàbá àgbà á wọ bọ́ọ̀sì lọ gbà wọ́n, á fi bébà ìròyìn dì wọ́n wálé bí ẹni di ẹyin. Ṣọ́jà ayé òyìnbó ni gbogbo wọn: ṣòkòtò péńpé kakí, fìlà pupa gàgàrà, ẹsẹ̀ lásán. Bàbá tirẹ̀ wà lára àwọn tí òyìnbó kó lọ jagun ní Bọ́mà nígbà ogun àgbáyé kejì, òun náà ló sọ fún un bí wọ́n ṣe múra.

"Wọn ò tíì fún wọn ní bàtà nígbà tí wọ́n ń kọ́ wọn ní máàṣì," ó máa ń sọ fún mi. "Ẹsẹ̀ yìí ló gbé gbogbo ìyókù. Ojú ló ń kẹ́yìn. Bí o bá tètè ya ojú sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í wò ọ́, ọwọ́ rẹ á sì máa gbọ̀n."

Níbi tí a ti ń kun ṣọ́jà yìí ni mo ti kọ́ Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì la ń sọ nínú ilé, bí ọ̀pọ̀ ilé ní Àbújá. Ṣùgbọ́n Yorùbá bàbá àgbà kì í ṣe ti inú ìwé. Ti ilé wa ni, apá Kogi tí wọ́n ń pè ní Òkun nítorí bí a ṣe ń kí ara wa. "Òkun o" là ń wí láàárọ̀, òun là ń wí lọ́sàn-án, òun náà là ń wí lálẹ́. Kò sì sí "ẹ" fún àgbà níbẹ̀. "O" ni ọmọdé ń pe àgbà, "o" ni àgbà ń pe ọmọdé. Ìkúnlẹ̀ la fi ń mọ ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá ìyẹn kì í ṣe àfojúdi. "Ọlọ́run ńkọ́?" ó ní. "Kí lo máa ń pè é nínú àdúrà?" Mo ti búrọ́ọ̀ṣì mi bọ ọ̀dà, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń sọ yìí, ọ̀gá màmá mi níléeṣẹ́ ìjọba ń bọ̀ wá kí wa. Obìnrin ọmọ Ọ̀yọ́ ni, kò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà ju màmá mi lọ. Ipò kan ṣófo níbi iṣẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ ẹnu obìnrin náà ló sì máa sọ ẹni tí yóò bọ́ síbẹ̀. Màmá mi ti pààrọ̀ kọ́tíìnì. Ó jáde wá sí fàráńdà, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó àwọn ọmọlangidi yín lọ sẹ́yìn ilé." Láti ìgbà tí mo ti gbọ́n ni màmá mi ti ń pe bàbá rẹ̀ ní "ẹ".

"Ọ̀dà ò tíì gbẹ," ni bàbá fèsì, ó sì jókòó síbẹ̀.

Nígbà tí àlejò wa wọlé, lọ́fínńdà rẹ̀ bo òórùn kẹrosíìnì mọ́lẹ̀. Inú mi ń dùn. Mo fẹ́ kí màmá mi rí i pé mo ti gbọ́ Yorùbá. Mo ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ lórí orúnkún méjèèjì.

"Òkun o, màmá. Ṣé o dé?"

Obìnrin náà bojú wẹ̀yìn, bóyá ẹlòmíràn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. "Èmi lò ń sọ 'o' sí bẹ́ẹ̀?" Lẹ́yìn náà ló bú sẹ́rìn-ín. "Òkun wo? Ṣé wọ́n ti gbé òkun dé Kubwa ni?"

Bàbá mi bá a rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí onílé ń bá àlejò rín. Màmá mi kò rín in. "Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Ọ̀dọ̀ bàbá ló ti ń kọ́ ọ. Ẹ ṣáà mọ àwọn ará oko."

Àwọn ará oko. Bí ẹni pé ibòmíràn ni wọ́n ti bí òun.

Bàbá àgbà gbé ṣọ́jà ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀ dìde, eékún rẹ̀ dún. Ó tẹrí ba fún obìnrin tó tó bí lọ́mọ, ó sì sọ̀rọ̀ ní Yorùbá inú ìwé tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí: "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ má bínú sí ọmọ náà. Èmi ni mi ò kọ́ ọ bó ṣe yẹ."

"Háà, bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀," ni obìnrin náà wí, ó sáré kúnlẹ̀, ojú ti òun náà. Ojú tì mí títí mo fi fẹ́ kí ilẹ̀ lanu. N kò mọ̀ bóyá nítorí ara mi ni, tàbí nítorí bàbá, tàbí nítorí màmá mi tó dúró síbẹ̀ tó ń na kọ́tíìnì ẹnu ọ̀nà tí kò rún rárá.

Láti ọjọ́ náà ni bàbá àgbà kò ti pe ẹnikẹ́ni nínú ilé wa ní "o" mọ́. "Ẹ bá mi bu omi," ló ń wí fún ọmọ bíbí inú rẹ̀. "Ẹ ṣeun, mà." Àwọn aládùúgbò rò pé àwàdà ni. Màmá mi bẹ̀ ẹ́ títí. "Bàbá, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́, ó dà bí èpè létí mi."

"Èdè ìlú yín ni mò ń kọ́," ó fèsì. Kò bínú, ìyẹn ló sì burú jù. Kò kun ṣọ́jà kankan mọ́. Kò pẹ́ tó fi ní òun fẹ́ padà sílé.

A sìn ín lọ sí gáréèjì ní Utako. Ariwo "Lọ́kọ́jà, ó ku ẹnì kan" gba gbogbo ibẹ̀. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé bọ́ọ̀sì, ó ń wo iwájú. Màmá mi wo ọ̀tún, ó wo òsì. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ sínú eruku pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì tó dára jù lọ nínú aṣọ rẹ̀, ó sì kígbe kó lè borí ẹ́ńjìnnì: "Òkun o, bàbá. Wàá délé ire."

"Òkun o," ni àwọn èrò tó jókòó lẹ́yìn bàbá nínú bọ́ọ̀sì dáhùn, ẹni mẹ́ta mẹ́rin, láìmọ ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn. Bàbá yíjú sí màmá mi. Ó wá mú nǹkan kan tí ó fi bébà dì jáde lápò. "Òkun, ọmọ mi. Gbà. Bá mi parí ẹ̀."

Ṣọ́jà tó gbé kalẹ̀ lọ́jọ́ tí àlejò dé ni. Kò tíì kùn ún kọjá orúnkún.

Màmá mi gba ipò náà, ṣùgbọ́n n kò rí i kó yọ̀ lórí rẹ̀. Bàbá kò padà wá sí Àbújá títí ó fi kú. Ní ọjọ́ tí mo kó lọ sí ilé tèmi, màmá mi fi ṣọ́jà náà lé mi lọ́wọ́, ó ní òun ò lè bá bàbá parí ẹ̀.

Mo ti kun kakí rẹ̀. Mo ti kun fìlà. Èmi náà ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú báyìí, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Hausa kí mi ní "sánnu" tí mo sì ń dáhùn "yauwa" láìwo ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n bí ará ilé wa kan bá pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà tó ní "Òkun o," ojú mi á kọ́kọ́ yí ká, láti wo ẹni tó ń gbọ́, kí ẹnu mi tó dáhùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ṣe ní àná. Mo padà délé, mo gbé ṣọ́jà náà síwájú, mo ti búrọ́ọ̀ṣì tó kéré jù bọ ọ̀dà dúdú. Mo tún gbé búrọ́ọ̀ṣì náà kalẹ̀. Bí mo bá ya ojú sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí.