Ooru Méjì Lẹ́nu Ààrò Kan

Nílé búrẹ́dì wa, a kì í ki páànù búrẹ́dì kankan sínú ààrò àfi tí obìnrin kan bá sọ pé, "Ó tó." Ọdún méjìlélógún ló ti ń sọ ọ́. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Orúkọ tí àwa òṣìṣẹ́ fún un ni Ọwọ́-ò-parọ́.

Bó ṣe ń ṣe é nìyí. Á ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè dé ìgúnpá, á na apá ọ̀tún sí ẹnu ààrò, á máa ka ení, èjì lábẹ́nu. Bó bá kà dé mẹ́jọ kó tó fa ọwọ́ yọ, ààrò tó. Bó bá kà dé méjìlá, kò tíì tó, kí n ki igi sí i. Bó bá fà á yọ ní márùn-ún, ó ti pọ̀ jù, kí n fa igi jáde. Èmi ni mo ń dáná. Mo mọ̀ pé igi mẹ́rìnlá ló ń mú ààrò yẹn tó bí igi bá gbẹ, mẹ́rìndínlógún lásìkò òjò. Ẹnikẹ́ni kò bi mí rí, torí pé ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọ̀gá tó ni ilé búrẹ́dì kò mọ ìyẹ̀fun pò, àmọ́ ó mọ bí a ṣe ń fi ọwọ́ ẹlòmíràn yangàn. Bí àlejò bá wọlé, á di ọrùn-ọwọ́ obìnrin náà mú, á gbé e sókè fún wọn wò, bíi pé ọjọ́ kan náà ló ra òun àti ààrò.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, nǹkan oṣù obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Á wá lóṣù kan, á fo oṣù méjì. Lẹ́yìn náà ni ooru dé. Á bẹ̀rẹ̀ láti àyà, á gun ọrùn, á dé etí, òógùn á bò ó. Láìpẹ́ á lọ, òtútù á sì mú un. Kì í rí oorun sùn mọ́. Ó ń gbàgbé ibi tó fi ìbòrí rẹ̀ sí nígbà tó wà lórí rẹ̀. Àwa kò rí nǹkan kan. Ta ni yóò bi ẹni tó dúró lẹ́nu ààrò pé kí ló dé tó ń làágùn?

Lọ́jọ́rú kan, ó na ọwọ́, ó kà á dé márùn-ún, ó fà á yọ. Ó ní ó ti pọ̀ jù. Igi mẹ́sàn-án ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kì sí i. Mo fa mẹ́ta jáde bó ṣe wí. Nígbà tó yá ó tún na ọwọ́, ó ní ó tó. Wọ́n ki búrẹ́dì. Ohun tó jáde funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tó wọ bàtà òjò láti àárọ̀. Ọ̀gá bu ọ̀kan, inú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn níka.

Ọ̀gá ní yíìsì ni. Ó pààrọ̀ yíìsì. Lọ́sẹ̀ kejì ó tún ṣẹlẹ̀, ó ní ìyẹ̀fun ni, ó pààrọ̀ ìyẹ̀fun. Lẹ́ẹ̀kẹta ó ní igi mi tutù. Mo ń ka igi mi lọ. Lẹ́ẹ̀kẹrin ó pe ìpàdé, ó ní ẹnì kan nínú wa fẹ́ ba òun jẹ́. Gbogbo wa sọ̀rọ̀ nípàdé náà, ó gba wákàtí méjì, kò sì sí ẹni tó dárúkọ ooru. Ilé ẹ̀kọ́ kan dá búrẹ́dì padà. Olùkọ́ wọn ti tẹ ọ̀kan láàárín, ojú ìka rẹ̀ ṣì wà lára búrẹ́dì náà nígbà tí wọ́n gbé e dé.

Ìgbà náà ni Ọ̀gá ra ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru. Ó rí roboto bí aago, ọwọ́ kan ṣoṣo ló ní. Wọ́n kàn án mọ́ ilẹ̀kùn ààrò. Ọkùnrin tó ń po ìyẹ̀fun, tí a ń pè ní Alápá nítorí bí apá rẹ̀ ṣe tóbi, wá aṣọ kan, ó fi bò ó. Ó ní kò dáa kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa wo Màmá lójú. Ọ̀wọ̀ ló bá a débẹ̀. Ọ̀wọ̀ yẹn kan náà ló ń bá gbogbo wa jẹ búrẹ́dì tí kò jinná.

Nílé, ọkọ obìnrin náà ń tún aago ṣe. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kó fọkàn balẹ̀, kó máa ka èémí rẹ̀. Obìnrin náà ń ṣí gbogbo fèrèsé, ọkùnrin náà ń wọ súwẹ́tà sùn, kò sì béèrè ìdí rẹ̀. Ọmọ wọn tó wà ní ìlú mìíràn pè, ó ní kí ìyá òun sinmi. Kò sọ ẹni tí yóò bá a na ọwọ́.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin ló gba ìtọ́jú rẹ̀ ṣe. Kọ́tìnnì ló ń tà tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di pé oògùn inú ìgò ló ń tà lórí fóònù, ó ya fọ́tò nínú aṣọ funfun bíi nọ́ọ̀sì, àwọn ènìyàn sì ń kí i ní dókítà, kò já wọn kulẹ̀. Ó ka ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jẹ mọ́: ata, iyọ̀, ṣúgà, ẹran, tíì, àti búrẹ́dì. Ẹni tó ń wo búrẹ́dì láti àárọ̀ di ẹni tí kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Ó wá kó ìgò mẹ́rin wá, ọ̀kan fún ooru, ọ̀kan fún oorun, ọ̀kan fún ìdùnnú, ọ̀kan tí yóò máa ran àwọn mẹ́ta yòókù lọ́wọ́. Kí oṣù tó parí, ìgò di méje. Ó tò wọ́n sójú fèrèsé ilé búrẹ́dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo iyọ̀.

Obìnrin náà ń jẹ ẹ̀wà láìfi iyọ̀ sí i, ó ń jẹ ewé tútù, ó ń gbé kápúsù mì. Ó rù. Àyà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Àbúrò ní àmì pé oògùn ti wọ ara nìyẹn. Nígbà tí ooru kò lọ, àbúrò ní ìgò ni kò tíì pé.

Níparí oṣù kẹta, Ọ̀gá pè é sí ọ́fíìsì, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ní tí búrẹ́dì tútù bá tún jáde lẹ́ẹ̀kan péré, ó ń lọ sí ìdí tábìlì ọ̀rá nìyẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ki búrẹ́dì sínú ọ̀rá. Àwọn ìyá àgbà méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ààrò. N kò tíì rí ẹni tó lọ síbẹ̀ tó padà sídìí iná. Obìnrin náà jáde. Ó lọ fọ apá rẹ̀, ó fi ọṣẹ fọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń wò ó bí ẹni tó fi yá ẹlòmíràn tí wọ́n dá a padà láìpé.

Ní ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó na ọwọ́, ó kà á dé márùn-ún, ó fà á yọ.

Ó ní, "Bàbá, ó ti pọ̀ jù. Ẹ fa igi jáde."

N kò mira. Mo ní, "Igi mẹ́sàn-án péré ló wà níbẹ̀."

Alápá ti gbé páànù lọ́wọ́. Ó rọra gbé e kalẹ̀.

Mo ní, "Gbogbo ọjọ́ tí búrẹ́dì kò jinná, igi kò ju mẹ́sàn-án lọ rí."

Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo ti mọ̀. Mo ní láti Ọjọ́rú àkọ́kọ́. Ó ní,

"Ẹ ṣeun o, Bàbá. Oṣù mẹ́ta lẹ ti ń bá mi kà á, ẹ wá fẹ́ kí wọ́n sin iṣẹ́ mi tán kẹ́ ẹ tó pè mí."

Ó lọ ṣí aṣọ kúrò lójú aago ààrò. Orí ọgọ́fà ni ọwọ́ rẹ̀ wà. Kí búrẹ́dì tó lè jinná, ó gbọ́dọ̀ tó igba ó lé ogún. Mo ki igi márùn-ún sí i. Búrẹ́dì ọjọ́ náà jinná. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kó ìgò méjèèje sínú ọ̀rá búrẹ́dì, ó lọ sí ọsibítù.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún wa nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Dókítà náà obìnrin ni, àkọ́bí rẹ̀ ju dókítà lọ. Dókítà bi í nígbà tó rí nǹkan oṣù kẹ́yìn, bó ṣe ń sùn, bóyá àrùn jẹjẹrẹ ọmú wà nínú ìdílé, bóyá ẹ̀jẹ̀ ti dì lára rẹ̀ rí. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó ga díẹ̀. Ó gba ẹ̀jẹ̀ lọ yẹ̀wò. Ó wá to àwọn ìgò sórí tábìlì, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára wọn. Mẹ́ta jẹ́ oògùn kan náà, àwọ̀ ìwé ara wọn ló yàtọ̀. Méjì jẹ́ fítámì, ó ní ọ̀kan ti tó. Ìgò kẹfà, kò sí ẹni tó kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sára rẹ̀, ó ní kó má fẹnu kàn án mọ́. Èyí tó kẹ́yìn, tí àbúrò ní ó ń ran àwọn yòókù lọ́wọ́, ohun tó wà nínú tíì tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn ló kún inú rẹ̀. Bó ṣe ń lò ó lójúmọ́, ó tó ife tíì mẹ́fà. Àbúrò kan náà ló fi tíì dù ú.

Dókítà ní ẹ̀wà dáa, ẹ̀fọ́ dáa, wàrà dáa fún eegun rẹ̀, kó máa jẹ wọ́n bí oúnjẹ. Ó ní kó jẹ búrẹ́dì. Ata, kó wò ó bóyá òun ló ń gbé ooru dìde, kó kọ ọ́ sílẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ méjì kó máa kọ ìgbà tí ooru bá dé, ohun tó jẹ, àti ohun tó ń ṣe lọ́wọ́.

Ọkọ rẹ̀ ló gba ìwé náà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó rí ohun tó lè ṣe. Ó fún ìyàwó rẹ̀ ní aago tó péye, ó sì ń kọ ohun gbogbo dé ìṣẹ́jú-àáyá. Lọ́sẹ̀ kìíní, ooru dé nígbà mọ́kànlá níbi iṣẹ́. Mẹ́fà nínú rẹ̀, Ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ bá a sọ̀rọ̀ tán ni. Ata fa méjì. Kò pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ọkùnrin náà bọ́ súwẹ́tà rẹ̀ láti ka àkọsílẹ̀ náà, ó tún un kà, ó wá sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé òun kò mọ̀ pé ó tó báyìí.

Èsì àyẹ̀wò dé. Dókítà fún un ní nǹkan kan tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìdí bíi pílásítà, àti oògùn tí yóò máa gbé mì láti dáàbò bo ilé ọmọ. Ó ṣàlàyé ire rẹ̀ àti ohun tó yẹ kó máa ṣọ́. Ó ní kì í ṣe gbogbo obìnrin lòun lè fún, pé kó má pín in fún ọ̀rẹ́. Ó ní kó fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, kó padà wá lóṣù kẹta. Nígbà tí àbúrò gbọ́, ó ní dókítà náà ń jowú òun. Ó gbé ìgò kẹjọ wá, èyí tí yóò máa fọ oògùn ọsibítù kúrò lára.

Pílásítà kò tíì lo ọjọ́ méjìlá lára rẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ yẹn ní kí a tún ṣe búrẹ́dì wá, igba odidi. Ọjọ́ Ajé ni. Ọ̀gá wá dúró lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu ààrò. Lójú rẹ̀, èèyàn á ti mọ̀ pé ó ti to àga kẹta sídìí tábìlì ọ̀rá. Igi mẹ́rìnlá ni mo kì.

Obìnrin náà na ọwọ́. Mo rí i tí ọrùn rẹ̀ pọ́n. Ó fa ọwọ́ yọ ní márùn-ún. Ọ̀gá la ẹnu.

Obìnrin náà ní, "Èmi ni. Kì í ṣe ààrò."

Ó jókòó sórí àpò ìyẹ̀fun, ó nu ọrùn, ó mu omi. Ó wá sọ ọ́ ketekete pé nǹkan oṣù òun ló ń parí lọ, pé ooru rẹ̀ ló dé yìí, pé ìṣẹ́jú mẹ́rin ni, kí gbogbo wa dúró. Alápá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ọ̀gá ń wo àjà, bíi pé ibẹ̀ ló kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ọkùnrin mẹ́fà ló wà nínú yàrá yẹn, gbogbo wa ló gbéyàwó, kò sì sí ẹni tó mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí. Àwọn ìyá àgbà méjèèjì yí àga wọn padà. Ìgbà kìíní tí mo rí wọn tí wọ́n kọjú sí iná nìyẹn.

Ìṣẹ́jú mẹ́rin pé. Ó dìde, ó na ọwọ́. Mo ń bá a kà á. Mẹ́jọ.

"Ó tó."

Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní kí Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo aago ààrò. Ọ̀gá wò ó. Igba ó lé ogún ni. Búrẹ́dì náà jinná, gbogbo igba rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Ọ̀gá ń sọ fún àwọn àlejò pé aago tí òun rà ló yanjú ọ̀rọ̀ náà. Aago náà ni wọ́n ń fọwọ́ kàn báyìí, obìnrin náà sì fara mọ́ ọn. Kò sí ẹni tó tún fi aṣọ bò ó. Ó ń wò ó lẹ́yìn tó bá ti na ọwọ́, kì í ṣe ṣáájú.

Ooru náà ti dín kù. Kò ju ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀. Ó ń sùn. Ó ń jẹ búrẹ́dì, eteetí rẹ̀ tó gan ló fẹ́ràn. Ó ṣì wà lẹ́nu ààrò. Bó bá fa ọwọ́ yọ ní márùn-ún, Alápá, tí kò lè gbójú sókè lọ́jọ́sí, á gbé páànù kalẹ̀, á bi í bí ẹni tó ń béèrè omi pé, "Màmá, ṣé ẹ̀yin ni, àbí ààrò?" Bó bá ní òun ni, a ó dúró.

Lánàá ó ní ààrò ni. Mo fa igi méjì jáde.