Ààlè Tí Mo Pa Nítorí Ẹyẹ

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Àpòmù níbí, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé e mọ́ra. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rín in. Wọ́n ti kọ́kọ́ rín in lójú mi náà.

Ewé mọ́ínmọ́ín ni mò ń tà. Ọkọ mi, kí Ọlọ́hun kẹ́ ẹ, ló fi ibi tó ń hù hàn mí létí odò, lórí ilẹ̀ ìdílé wọn. Látìgbà tó ti kú, ibẹ̀ lèmi àtàwọn ọmọ ti ń jẹ. Màá já a láàárọ̀, màá dì í, ó di Ìkirè!

Ẹyẹ kan wá ń gbé inú ewé yẹn. Kò kún ọwọ́! Àyà rẹ̀ rí bí eérú, apá rẹ̀ láwọ̀ ewé, ìrù rẹ̀ kúkúrú, ó sì máa ń nà án sókè. Kì í lọ sókè igi. Ìsàlẹ̀ níbi tó ṣókùnkùn ló máa ń wà, táá máa ṣa kòkòrò àti aláǹtakùn jẹ lábẹ́ ewé. Ohùn rẹ̀ wá ńkọ́? Bí ọmọ ewúrẹ́ ló ń ké! Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, ewúrẹ́ ni mò ń wá kiri.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹyẹ yìí ń ránṣọ! Ó fi ẹnu lu ewé mẹ́ta, ó fi òwú aláǹtakùn rán wọn pọ̀, ó yé ẹyin sínú ẹ̀. Ta ló kọ́ ọ? Oníbàárà kì í ra ewé tó bá ti lu, ẹlòmíì ì bá ti lé e dànù. Èmi ò lé e. Tí mo bá débẹ̀ láàárọ̀, ara á tù mí díẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń wá já ewé níbẹ̀ tí mi ò bá sí níbẹ̀. Kí wọ́n má baà já ìtẹ́ náà mọ́ ọn, mo pààlè síwájú ẹ̀: àkísà pupa àti ìkarawun ìgbín lórí igi, bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é.

Àṣìṣe mi nìyẹn! Bàbá Ṣàkírà, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, kọjá níbẹ̀, ó sì rí i. Ló bá di ariwo pé ìyàwó àbúrò òun ti ń pààlè sórí ilẹ̀ ìdílé, pé mo fẹ́ gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.

Àwọn àgbà ìdílé pè mí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní ẹyẹ ni mo ṣe é fún. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn ní:

"Ẹyẹ kẹ̀, Ìyá Mùtíù? Ẹyẹ ló wá ń jogún báyìí?"

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ ká jọ lọ wò ó. Ṣé odò jìnnà ni? Ẹnì kan ò dìde.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Ṣàkírà kó àwọn aládàá lọ, wọ́n ṣán gbogbo ẹ̀, wọ́n fi oògùn apakoríko sí i. Nígbà tí mo débẹ̀, ìtẹ́ wà nílẹ̀, ẹyin ti fọ́, ṣùgbọ́n ibi tó rán ò tú. Ẹyẹ náà àti ẹnì kejì ẹ̀ wà lórí kùkùté, wọ́n ń ké bí ọmọ ewúrẹ́ tó ń wá ìyá ẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún.

Títí dòní, wọn ò gbin nǹkan kan síbẹ̀! Ọwọ́ àwọn ará Orílẹ̀-Òwu ni mo ti ń ra ewé tí mò ń tà báyìí. Bàbá Ṣàkírà ṣì ń kí mi, ó ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ. Ṣé àwọn ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ gba oúnjẹ lẹ́nu wọn?

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé nǹkan tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn láàárín àwọn tí ò fẹ́ràn yín, ẹ má sàmì sí i. Ká ní mi ò pààlè yẹn ni, ta ni ì bá mọ̀ pé ẹyẹ kan wà níbẹ̀?

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ fọwọ́ ara yín fi han ẹni tó bà á jẹ́? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, màá kà á. Ṣùgbọ́n kẹ́nikẹ́ni má sọ fún mi pé ẹyẹ lásán ni.