Walter Jókòó sí Pálọ̀ Odessa

Aláwọ̀dúdú ni Odessa Tillery, òfin àdéhùn ló sì ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé gíga ní Baltimore, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Nínú gbogbo ohun tó ń kọ, ọ̀rọ̀ kan ló ń tẹnu mọ́: bí èèyàn bá ń ṣe àdéhùn, àwọ̀ ara rẹ̀ máa ń jókòó tì í, bí òfin tilẹ̀ ní òun ò rí i. Àwọn olóòtú ìwé àwọn amòfin a sì dá ohun tó kọ padà fún un: "Ìtàn dáadáa ni, ẹ̀rí dà?" Àfi bí ẹni pé ẹni tí iná jó ò mọ iná. Bí wọn ò bá sì tẹ̀ ẹ́ jáde, ìgbìmọ̀ iléèwé máa ní kó gba ilé lọ.

Ibi tó ti ń ronú èyí ni òrùlé rẹ̀ ti ń jò. Ó fẹ́ yá owó lórí ilé, báǹkì sì rán ọkùnrin kan wá díye lé e. Iye tó dá lé e ò ju owó ahéré lọ. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: Earline, ìyá rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín.

"Ìwé tó o kà yìí mà ti pọ̀ jù, ọmọ mi! Ta ló ní kó o fi àwòrán bàbá ẹ sílẹ̀ lára ògiri, kí wọ́n fi mọ̀ pé ilé aláwọ̀dúdú ni? Kó gbogbo ẹ̀ pamọ́, wá òyìnbó kan kó jókòó síbẹ̀. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Walter Brandt, òyìnbó tó jẹ́ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ló lọ bẹ̀. Òun ló kọ ìwé ńlá pé ọjà kì í wo àwọ̀.

"Odessa, asán lò ń ṣe. Iye kan náà ni wọ́n máa dá."

"Ṣáà wá jókòó. Kọfí wà."

Báǹkì mìíràn rán ẹlòmíì wá. Walter na ẹsẹ̀ bí onílé, ó ń mu kọfí. Iye ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, òrùlé ò sì tíì yéé jò. Ojú ti Walter débi pé àánú rẹ̀ ṣe Odessa.

"Mo gbọ́dọ̀ kọ eléyìí," ni Walter wí.

"Kọ ọ́. Bóyá wọ́n á gbọ́ tìẹ."

Wọ́n gbọ́ tirẹ̀. Kíá ni àwọn olóòtú tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n ní àwárí ńlá ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un káàkiri. Odessa náà wà nínú rẹ̀, nísàlẹ̀ ojú ìwé, ibi tí wọ́n ti pè é ní "ọ̀rẹ́ kan".

Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ iléèwé pe Odessa, tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n fi gbà á.

"A gbádùn iṣẹ́ yín gan-an, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tillery," ni alága wí. "Ohun kan ṣoṣo ló rú wa lójú. Kí lẹ fi kún èyí tí Walter ti sọ?"