Kọfí Tí Wọ́n Ní Kó Má Mu

Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ni obìnrin kan ti ń ta kọfí lẹ́nu ọ̀nà ibùdó rélùwéè. Ìyá Oníkọfí ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Yàrá méjì ni òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin jọ ń gbé. Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n yìí ni kíkọ orúkọ sára pátákó ilé ìtajà. Lẹ́tà rẹ̀ máa ń tóbi, ó sì máa ń hàn sójú láti òkèèrè, ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà fi sọ ọ́ ní Gàdàgbà.

Nígbà tó yá, lẹ́tà Gàdàgbà bẹ̀rẹ̀ sí í kéré. Á bẹ̀rẹ̀ pátákó dáadáa, ṣùgbọ́n kó tó dé ìparí orúkọ, lẹ́tà á ti súnkì bí ẹni tí òtútù ń mú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Dókítà ní àìsàn Pákínsìn ni. Oògùn tí wọ́n fún un ràn án lọ́wọ́, àmọ́ kò dá a padà sórí àkàbà tó ń gùn kọ pátákó.

Lẹ́yìn náà ni ilé ìwòsàn ń wá àwọn aláìsàn tí wọ́n á jọ ṣe ìwádìí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá kaféènì, èròjà inú kọfí tó máa ń lé oorun lọ, lè mú kí ìrìn wọn àti bí wọ́n ṣe ń mira já geere sí i, tí wọ́n bá fi kún oògùn tí wọ́n ti ń lò. Hóró oògùn àwọn kan á ní kaféènì, tàwọn kan á jẹ́ ìyẹ̀fun lásán, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ èyí tó kan òun. Ẹni tó bá wọ ìwádìí náà kò sì gbọ́dọ̀ mu kọfí mọ́, àfi irú èyí tí wọ́n ti yọ kaféènì inú rẹ̀.

Gàdàgbà fọwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀.

"Àbúrò mi, mo ti ríṣẹ́ padà o. Iṣẹ́ oògùn lílò."

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í rántí lo oògùn ibà?"

"Ṣé ibà wá jẹ́ iṣẹ́ ni?"

Láràárọ̀, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́ kó tó gbé hóró oògùn náà mì.

Ọkàn àbúrò rẹ̀ ni kò balẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Gàdàgbà fẹ́ wọ ilé ìdáná, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó di férémù ilẹ̀kùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín, òógùn sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Obìnrin náà rò ó wò: tó bá jẹ́ ìyẹ̀fun ló kàn án ńkọ́? Wọ́n gba kọfí lẹ́nu rẹ̀, wọn ò sì fi nǹkan kan rọ́pò. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn lọ lọ́sàn-án, ó da kọfí tí kò ní kaféènì inú agolo rẹ̀ nù, ó sì bu èyí tí òun ń tà síbẹ̀.

Ìrìn Gàdàgbà yá sí i díẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì ní kó dìde lórí àga, kó rìn dé òpin ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó padà.

"Ẹ̀yin bàbá yìí, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré!"

"Mo rọra ṣe é ni, kẹ́ ẹ má baà ní kí n wá fò."

Níbi tí àwọn èèyàn ti ń dúró de dókítà, ọmọbìnrin kan jókòó ti ìyá rẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì. Gàdàgbà tẹ̀ síhà ọ̀dọ̀ wọn.

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Àwa la ń bá yín tọ́ oògùn náà wò. Tí wọ́n bá ti rí bó ṣe ṣe lára mi, wọ́n á mọ ohun tí wọ́n máa ṣe fún màmá."

Ìyá Oníkọfí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, ó rò pé ẹ̀gbọ́n òun nìkan lòun tàn jẹ. Ó fà á lọ́wọ́ padà sọ́dọ̀ dókítà, ó sì jẹ́wọ́.

Dókítà ò pariwo. Ó ní àwọn ò lè ka èsì Gàdàgbà mọ́ ti àwọn yòókù mọ́.

"Ṣùgbọ́n ṣé kọfí yẹn ló ràn wọ́n lọ́wọ́?"

"Màmá, mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ kọfí, ó lè jẹ́ hóró oògùn, ó sì lè jẹ́ pé inú wọn ń dùn lásán ni. Ohun tí à ń wá gan-an nìyẹn."

Bí wọ́n ṣe yọ Gàdàgbà kúrò nínú ìwádìí nìyẹn. Kò sí ẹni tó tún ka kọfí léèwọ̀ fún un, torí náà ní òwúrọ̀, àbúrò rẹ̀ gbé ife kan síwájú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bú mi."

"Kí n bú ọ, kára lè tù ọ́? Ohun kan ṣoṣo tí mo ṣì wúlò fún lo gbà lọ́wọ́ mi yẹn."



Obìnrin náà ṣì ń po kọfí fún un láràárọ̀. Gàdàgbà á mu ún tán, á rọra sún ife padà bíi ti àwọn èrò rélùwéè, á ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá Oníkọfí."