Ẹ̀wù Ẹ̀mí ní Ebúté Ọ̀jọ́

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, kọ́bọ̀ díẹ̀ ni mo fi ń kọjá ọ̀sà ní Ọ̀jọ́ tí mo bá wálé ọlidé. Lónìí, owó tí wọ́n ń pè lórí ẹ̀wù kan ṣoṣo tí kì í jẹ́ kí èèyàn rì ju owó tí bàbá mi fi ra odindi ọkọ̀ lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń bi mí ìdí tí arúgbó fi bá àwọn atukọ̀ jókòó fẹ̀hónú hàn, ẹ gbọ́.

Lásìkò òjò èṣí ni àwọn aláṣẹ ojú omi dé ebúté wa. Akéde wọn ní ẹni tí kò bá wọ “ẹ̀wù ẹ̀mí” kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ mọ́. Ìyá Ẹ̀bùn, ará ìjọ aláṣọ funfun láti Ajáńgbádì tó ń lọ ra ẹja lódìkejì, na etí sùtánà rẹ̀ sókè.

“Ọ̀gá, tèmi rèé. Láti ọjọ́ ìrìbọmi ni mo ti ń wọ̀ ọ́.”

Gbogbo ebúté rẹ́rìn-ín, àti akéde.

A ò kọ òfin o. Èmi fúnra mi ti ń sọ fáwọn atukọ̀ pé òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ. Ohun tó bí wa nínú ni pé èyí tí àwọn fúnra wọn ń tà lẹ́nu géètì ebúté nìkan ni wọ́n ń gbà. Atukọ̀ tó bá ra ti ibòmíì, wọn a gba àjẹ̀ tó fi ń tukọ̀. Wọ́n gba ti Sẹ̀wànú, ọmọ Ègùn. Atukọ̀ tí kò lájẹ̀, kí ló fẹ́ jẹ?

Sẹ̀wànú já ọ̀kan gbà nínú ọjà wọn, ó jù ú sómi. Ó léfòó díẹ̀, fóòmù rẹ̀ mumi, ó rì.

“Ọ̀gá, ẹ̀mí ti bọ́ lára ẹ̀wù yín.”

Akéde ò rẹ́rìn-ín mọ́. A jókòó, ọkọ̀ kankan ò kúrò ní ebúté, títí wọ́n fi dá àjẹ̀ padà, tí wọ́n sì ṣèlérí ẹ̀wù gidi. A jó relé.

Ṣùgbọ́n wọn ò kó àwọn tí wọ́n ti tà padà. Ìjì dé, ọkọ̀ kan dojú dé. Ẹ̀wù ẹnu géètì ló wà lọ́rùn Ìyá Ẹ̀bùn nígbà tí a rí i. Wọ́n ní kádàrá ni. Irọ́ ni, àwọn tó tà á fún un mọ ohun tí wọ́n tà.

Sẹ̀wànú wà láàyè, ó ṣì ń tukọ̀. Akéde wà láàyè; wọ́n ti fi jọ̀gá. Èmi náà ṣì ń mí. Ẹ̀bùn wà láàyè, ó ti gba òwò ẹja ìyá rẹ̀. Omi yẹn náà ló ń gbà láràárọ̀, ẹ̀wù tí wọ́n ṣèlérí kò sì tíì dé.