Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Sínú Yanrìn

Ṣíọ̀! Bí mo bá ti rántí Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, ńṣe ni itọ́ máa ń kún mi lẹ́nu, itọ́ ìríra.

Télọ̀ ni mí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà náà. Kí n tó gba fúrídọ̀ọ̀mù, mo máa ń ja ìjàkadì dáadáa, àdúgbò sì mọ̀ mí mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà mo fẹ́ ọmọ Ìrẹ̀sà kan, mo bímọ, mo jókòó ti máṣíìnì lọ́dún dé ọdún títí ikùn mi fi ń ṣáájú mi wọlé. Lọ́jọ́ kan mo bẹ̀rẹ̀ láti mú abẹ́rẹ́ tó bọ́ sílẹ̀, mo wá ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ara mi rí èmi fúnra mi lára. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo padà sí ibi tí wọ́n ti ń jà.

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bó ṣe rí. Àwọn tí mo rán ṣòkòtò iléèwé fún ní kékeré ni wọ́n ń gbé mi ṣánlẹ̀ gbì! Wọ́n ń rùn, èmi náà ń rùn, yanrìn ń wọ̀ mí létí àti níbi tí kò ṣeé sọ. Ìyàwó mi á máa gbọn aṣọ mi lẹ́yìnkùlé, á ní, "Olówó orí mi, ìjà ò dọlà o, orúkọ ló ń sọ ni." Nídìí máṣíìnì, ojú àti ìka nìkan ni mo ní. Inú yanrìn yẹn ni mo ti ń rántí pé mo ní itan àti apá.

Nígbà tí a fẹ́ lọ bá àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ figagbága, olórí ẹgbẹ́ wa, awakọ̀ lọ́rí kan tí kì í rẹ́rìn-ín, wò mí látòkè délẹ̀. Ó ní, "Ìjà kan ṣoṣo ni màá fún ọ. Bí o bá ṣubú, lọ máa rán aṣọ rẹ, má padà wá síbí mọ́."

Mo ní, "Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Òfin ibẹ̀ kò ṣòro. Bí fèrè bá ti dún, ẹni tí àyà tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kọ́kọ́ kanlẹ̀ ló ṣubú.

Ọ̀dọ́kùnrin tí wọ́n gbé kò mí ní Ọjà Igbó ti fi àdín para dé ọrùn, ó ń rùn bíi fìtílà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Fèrè dún. Mo gbá a ní ìbàdí mú, ó yọ̀. Mo tún un mú, mo gbé e, ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nílẹ̀, mo sì mọ̀ pé mo ti rí i mú! Ó jà raburabu, ó bọ́, ó fẹ̀yìn rìn. Ìgbà náà ni bàbá kan dìde láàárín àwọn tiwọn, ó rìn wá sí etí yanrìn, ó ń jẹ ẹran lọ́wọ́. Bàbá ìyàwó mi ni! Ó yẹ kí n máa pè é ní "wọ́n", ṣùgbọ́n ẹnu mi kọ̀ ọ́.

"Àna mi," ó ní, "ṣé àlàáfíà ni?"

Kí ni ẹ fẹ́ kí n ṣe? Kí n nàró ṣánṣán síwájú bàbá tó bí ìyàwó mi, lójú gbogbo ayé? N kò tilẹ̀ rò ó. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ẹ káàsán o, Bàbá."

Ariwo ta. "Ó ti ṣubú! Àyà rẹ̀ ti kanlẹ̀!" Rẹfirí fọn fèrè. Mo fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n bàbá kò tíì ní kí n dìde. Mo wà nílẹ̀, yanrìn lẹ́nu, mo ń wo èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dúdú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ tó fi ń jẹ ẹran gbá mi lẹ́yìn. "Ẹ dìde, ẹ dìde. Ẹ kú ìjà o." Ọ̀rá ẹran ń yọ̀ lẹ́yìn mi, òun sì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ará ibẹ̀ ló lọ gbé e wá láti Ìrẹ̀sà láàárọ̀, ó sì mọ ohun tó wá ṣe. Àgbàyà! Inú ni mo ti sọ ọ́.

Lọ́rí gbé wa padà sí Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, olórí ẹgbẹ́ ní, "Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń bọ̀ ní Ọ̀yọ́ láìpẹ́. Ohun tí wọ́n ṣe kò dáa, nítorí náà màá tún fún ọ láyè. Ṣùgbọ́n lọ sọ fún àna rẹ lójúkorojú pé kó má ṣe dé ibi ìjà wa mọ́. Bí o kò bá lè sọ ọ́, má ṣe yọjú."

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo wọkọ̀ lọ sí Ìrẹ̀sà, mo ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́nu títí mo fi débẹ̀: "Bàbá, ohun tí ẹ ṣe yẹn, ìwà ẹ̀gbin ni." Mo bá a níwájú ilé, ó ń tayín. Mo la ẹnu. Ṣùgbọ́n kí n tó lè bá àna mi sọ ohunkóhun, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kí i. Kí n tó mọ̀, àyà mi ti kanlẹ̀.

"Àna mi, ẹ dìde," ó ní. "Ṣé kò sí láburú o?"

Mo dìde, mo gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò láyà, mo bi í bóyá iṣu rẹ̀ ta dáadáa.