Ẹní Tí Wọ́n Tẹ́ fún Bàtà

Wọ́n kó ẹní tí mo hun fún títà, wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹrẹ̀ kí bàtà àwọn àlejò wọn má baà dọ̀tí.

Mo sọ ọ́ ṣókí bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn tó ṣe é fẹ́ràn láti máa fi ọ̀rọ̀ gígùn bò ó mọ́lẹ̀. Mo kàwé òfin ní yunifásítì ní Lomé. Nígbà tí mo fi máa jáde, ìjọba ti sé ilẹ̀kùn iṣẹ́. Àwọn tó kàwé nígbà tí òmìnira ṣì tutù ti jókòó sórí àga. Àwa ń rìn kiri pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí lábíyá. Mo padà sí abúlé wa, Akparé, sílé ìyá ìyá mi tó ń hun ẹní. Mo jókòó tì í, mo kọ́ iṣẹ́ náà: bí a ṣe ń gé koríko etí odò, bí a ṣe ń sá a, bí a ṣe ń fi èèpo ọkà bàbà pa á láró pupa. Ìyá àgbà kú nígbà òjò. Ó wá ku èmi nìkan nínú ilé náà. Nígbà míì mo máa ń sọ̀rọ̀ síta, pé "gbé okùn yẹn fún mi," kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tó máa gbé e.

Àwọn ará abúlé ní tiwọn ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àfókà ni wọ́n ń pè mí, bí a ṣe ń pe lọ́yà níhìn-ín. "Àfókà, ẹjọ́ ta lò ń rò lónìí?" Òmíì á dáhùn pé, "Ẹjọ́ koríko ni o, koríko ló pe odò lẹ́jọ́!" Wọn á rẹ́rìn-ín, wọn á kọjá lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, olórí ẹbí wa lẹ́yìn bàbá, ló mú ọ̀rọ̀ fọ̀wáà wá. Fọ̀wáà ni ọjà àfihàn tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Atakpamé fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́. Ó ní, "Lọ ta ẹní rẹ níbẹ̀. Bó bá tà, ilé ìyá àgbà á wà lọ́wọ́ rẹ, máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Bí kò bá tà, wàá lọ sí Lomé lọ́dọ̀ ìyàwó àbúrò bàbá wa, kí o máa bá a tọ́mọ. Obìnrin ò lè máa dá gbélé òkú bí òwìwí."

Mo ní, "Ó dáa, ẹ̀gbọ́n mi." Gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ yẹn ni mo fi hun ẹní.

Kí ẹ tó lè mọ ohun tí wọ́n ṣe fún mi, ẹ ní láti mọ bí a ṣe ń ta ẹní lọ́dọ̀ tiwa. Kíká ni a ń tà á. Oníbàárà á fọwọ́ pa etí rẹ̀, á gbé e sókè bóyá ó wúwo, ó lè tú u díẹ̀, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, kó fi wo àwọ̀ rẹ̀. Kò ní tẹ́ ẹ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ló ni ín. Ẹní tí a bá ti tẹ́ ti kúrò lọ́jà, ó ti di ti ilé. Ẹní ìyàwó tún wá le jù: ẹsẹ̀ ìyàwó àti ti ọkọ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kàn án, láìwọ bàtà. Kò sí ọmọ Ifẹ̀ ti Tógò níhìn-ín kan, ì báà jẹ́ Kátólíìkì, ì báà jẹ́ ẹni tó ń bọ òrìṣà, tí kò mọ èyí.

Tákísì gbé èmi àti ẹní mi lọ sí pápá ìṣeré ní abẹ́ òkè. Ibi tí wọ́n fún mi wà lẹ́yìn gbogbo ìsọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń fún wọn níná. Èéfín rẹ̀ ń fẹ́ sí mi, ariwo rẹ̀ ń bo ohùn mi. Gbogbo àwọn tó kù wá pẹ̀lú ọmọ, pẹ̀lú aya, pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n. Èmi nìkan ni mo jókòó láìní ẹni tí mo lè sọ fún pé kó wo ọjà dè mí.

Ìyá kan tó ń fín igbá ló wà lápá ọ̀tún mi. Ó wò mí títí, ó ní, "Ọmọ mi, o jókòó bí ẹni tó ń retí ìdájọ́. Polówó!"

"Kí ni kí n wí, Màmá?"

"Wí pé ẹni tó bá sùn lé e, gbèsè á gbàgbé ilé rẹ̀!"

Mo gbìyànjú. Ẹ̀rọ gbé ohùn mi mì. Ìyá onígbá rẹ́rìn-ín, ó sì yíjú sí àwọn ọmọ rẹ̀, wọ́n jọ ń jẹ iṣu. Mo jẹ tèmi, mo kẹ́yìn sí wọn.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan dé láti Elavagnon. Ọmọ rẹ̀ ń lọ sílé ọkọ. Ó fọwọ́ pa gbogbo ẹní mi kí ó tó mú pupa kan tí mo hun tẹ̀lé ọ̀nà tí ìyá àgbà fẹ́ràn jù. Ó gbé e sórí apá bí ọmọ tuntun. "Ta ló kọ́ ẹ?"

"Ìyá ìyá mi ni, Màmá."

"Ó kọ́ ẹ dáadáa. Má tà á fún ẹlòmíì o. Kí n lọ pe àbúrò mi wá, òun náà ń wá méjì."

Mo gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ìyá onígbá ṣẹ́jú sí mi. Ojú mi mọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí a ti sin ìyá àgbà.

Ìgbìmọ̀ tó ṣètò ọjà náà ti wọ́n omi sí iwájú àga àwọn àlejò pàtàkì kí eruku ọyẹ́ má baà dìde. Omi pọ̀ jù. Ilẹ̀ pupa di ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ tí àwọn fúnra wọn pò ni mo ń wí o, kì í ṣe ti òjò. Ọ̀kan nínú wọn bá sáré wá, fèrè lọ́rùn, pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Faransé ló ń sọ.

"Madámù, a fẹ́ yá ẹní yín. Àwọn àlejò ti dé."

"A kì í tẹ́ ẹ, Mùsíọ̀. Ọjà ni."

"Yíyá ni mo wí. A máa dá a padà. A máa pe orúkọ yín nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo ayé á mọ̀ yín."

Mo sọ fún un pé bí wọ́n bá tẹ́ ẹ, kò sí ohun tí wọ́n máa dá padà. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará oko! Ṣé ẹní náà máa yọ́ ni?" Ó fọn fèrè. Àwọn méjèèjì kó gbogbo rẹ̀ léjìká, àti pupa tó wà ní ẹ̀gbẹ́. Mo di ọ̀kan mú. Wọ́n fà á, koríko gé mi lọ́wọ́. Ìyá onígbá ń wo ilẹ̀.

Mo tẹ̀ lé wọn. Mo rí i nígbà tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tú u. Mo rí bàtà dúdú, bàtà gogoro, bàtà ṣọ́jà. Ẹnì kan tí a jọ jókòó ní kíláàsì ní Lomé wà láàárín àwọn àlejò náà. Ojú wa ṣe mẹ́rin. Ó gbójú kúrò, ó sì tẹ pupa mọ́lẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀ ní Faransé, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Ewé tí wọ́n ń sọ ní Lomé. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ fún ìtọ́jú ibi ìjókòó. Orúkọ mi kò jáde. Ní èdè wa, wọn kò sọ ju "ẹ kú àárọ̀" lọ, ọ̀sán sì ti pọ́n.

Obìnrin Elavagnon padà wá pẹ̀lú àbúrò rẹ̀. Mi ò tíì lanu tó fi wo iwájú, tó sì dá àwọ̀ yẹn mọ̀ lábẹ́ àwọn bàtà.

"Èyí tí mo yàn kọ́ nìyẹn?"

"Wọ́n fi tipá gbà á ni, Màmá."

Kò bínú sí mi. Ìyẹn ló burú jù. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ọmọ tèmi kò lè fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀ wọlé ọkọ." Ó fa àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n lọ.

Wọ́n dá ẹní náà padà ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n jù ú sí iwájú mi. Ọkùnrin onífèrè ní, "Ẹ wò ó, kò ya. Ẹ fọ̀ ọ́." Mo sọ fún un ní Faransé ohun tí òfin ń pè ní yíyá: pé bí nǹkan ṣe wà ni a ń dá a padà. Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ta ló kọ́ ẹ ní ìyẹn?" ni ó wí, ó sì lọ kí àwọn àlejò pé ó dàbọ̀.

Kò sẹ́ni tó ra ẹní kankan lọ́wọ́ mi. Ẹ̀gbọ́n mi wo ẹní ẹlẹ́rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní àdéhùn ni àdéhùn. Kí n tó lọ, mo tẹ́ ẹní pupa sínú yàrá ìyá àgbà, mo sùn lé e, èmi tí kò ní ọkọ. Ìpasẹ̀ bàtà ẹnìkan wà lábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Ọmọ ọlọ́mọ ni mo tọ́ ní Lomé títí wọ́n fi dàgbà. Mi ò hun ẹní mọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ṣì wà láyé. Ta ló pàṣẹ pé kí wọ́n lọ kó ẹní mi? Ọmọ ibí ni ọ̀pọ̀ yín. Èwo nínú yín ni kò mọ ohun tí títẹ́ ẹní túmọ̀ sí? Kí ló dé tí ẹ kò bọ́ aṣọ tiyín tẹ́ sórí ẹrẹ̀ tí ẹ pò? Ẹ̀yin tí ẹ rìn kọjá, ẹnìkan ha béèrè ẹni tó ni ín bí? Èmi kò fẹ́ "pẹ̀lẹ́", ẹ má sì sọ fún mi pé ó ti pẹ́. Ẹ dá mi lóhùn.